Àjíǹde: ti ara ni àbí ti ọkàn?

Nínú èdè wa, "jí" ló wà nínú "jíǹde". Àwọn tó ka àjíǹde sí jíjí ọkàn ní ẹ̀rí lọ́wọ́: Éfésù 5:14 ní kí ẹni tó ń sùn jíǹde kúrò nínú òkú. Bàbá ọmọ onínàákúnàá náà ní ọmọ òun ti kú, ó sì tún yè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọn ò sin ọmọ náà rí. Ibẹ̀ máa ń wọ̀ mí lára gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹja yíyan inú Lúùkù 24 ńkọ́? Lẹ́yìn tí Jésù jíǹde, ó gbà á, ó sì jẹ ẹ́ lójú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè fi ti ara sílẹ̀. Tímótì Kejì 2:18 pàápàá bá àwọn tó ní àjíǹde ti kọjá wí, bí ẹni pé ti ọkàn nìkan ni.