Lọ́kọ́ja dé Ògìdì: ibi tó yẹ kí mọ́tò ti dúró

Ọ̀pọ̀ èrò ọ̀nà yìí, ní ìpínlẹ̀ Kogí, a máa gun Òkè Pàtí ní Lọ́kọ́ja, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì sáré kọjá gbogbo ìyókù. Ní tèmi, Ògìdì gan-an, ìlú àpáta àti aṣọ híhun, ló yẹ kí wákàtí tó pọ̀ jù wà fún, kí Pàtí sì jẹ́ ti òwúrọ̀ nìkan.

Pàtí ga tó mítà 458. Ọ̀nà dé orí rẹ̀, àmọ́ ó tóóró, ó sì ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ẹ máa fun fèrè kí ẹ tó yọ sí kọ́nà kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tó ń bọ̀ látòkè kò rí yín. Bí èrò bá kún mọ́tò, ẹ pa ẹ́sì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù. Bó bá gbóná náà, ẹ dúró síbi tó tẹ́jú, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù.

Orí òkè náà tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹ ó rí igi ọsè ńlá kan tí àwọn ará ìlú fi ń rántí Flora Shaw, ẹni tó dábàá orúkọ Nàìjíríà nínú ìwé ìròyìn The Times ní ọjọ́ 8 oṣù Ṣẹẹrẹ 1897. Ìtàn yẹn dùn, ṣùgbọ́n ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé ló tó owó epo. Oṣù Ọ̀wàrà ló dára jù: odò kún, òjò sì ti fọ ojú ọ̀run. Nígbà ọyẹ́, kúrukuru funfun lásán lẹ máa rí.

Sísọ̀kalẹ̀ ló ń ba bíréèkì jẹ́. Gíà tí ẹ fi gòkè náà ni kí ẹ fi sọ̀kalẹ̀. Tó bá jẹ́ ọtomátíìkì, ẹ fi sí L tàbí 2. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò gbóòórùn jíjó, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ á máa wọlé láìmú nǹkan kan. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dúró kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má dà omi sí i o, irin gbígbóná a máa sán.

Láti Lọ́kọ́ja dé Ọbajànà, tírélà sìmẹ́ńtì ló pọ̀. Ẹ ní sùúrù. Ọbajànà sí Kàbbà jẹ́ kìlómítà 43, kọnkéré ni wọ́n sì fi ṣe é. Òkè ìhín, òkè ọ̀hún, ó wuni púpọ̀, síbẹ̀ ẹ má dúró sínú igbó nítorí fọ́tò. Àwọn ajínigbé ti da ọ̀nà agbègbè yìí láàmú: ẹ béèrè ìròyìn lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì láàárọ̀, kí ẹ sì ti wọ Kàbbà kí oòrùn tó rọ̀. Ẹ jẹ iyán níbẹ̀, ẹ sùn.

Ògìdì wà ní ilẹ̀ Ìjùmú, kò jìnnà sí Kàbbà. Ẹ kí àwọn àgbà ní "Òkun o", ìkíni àwọn Yorùbá agbègbè yìí tí wọ́n ń pè ní Òkun, ẹ lọ sí ààfin Ológìdì kí wọ́n fi ọmọ ìlú kan mú yín gun àpáta. Aago méje òwúrọ̀ ló dára. Tó bá di ọ̀sán, àpáta a máa jóni lẹ́sẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ lóru, ẹ dúró kó gbẹ, torí ibi tó dúdú lára àpáta ni ewédò wà, òun ló ń yọ ènìyàn ṣubú. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Líta omi méjì fún ẹnìkan kò pọ̀ jù. Bí ẹ bá ń bọ̀ nílẹ̀, ẹ fẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ tẹ orúnkún díẹ̀.

Ẹ má kúrò láìyà síbi iṣẹ́ ọnà tí Nike Okundaye, ọmọ Ògìdì, dá sílẹ̀. Òfì tó dúró lóòró ni àwọn obìnrin ilẹ̀ Òkun ń lò, ìdí nìyẹn tí aṣọ wọn fi fẹ̀ ju ti òfì àwọn ọkùnrin, tí wọ́n ní láti rán pọ̀. Bí ẹ bá ra èyí tí wọ́n fi ẹlú pa láró, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, lọ́tọ̀, torí aró rẹ̀ a máa ṣí sára aṣọ mìíràn.