Ẹ̀rọ Tó Ń Ya Omi Òjò Dídọ̀tí Sọ́tọ̀: Ṣé Ó Tó Owó Rẹ̀?

Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ báyógáàsì (gáàsì ìdáná tí wọ́n ń rí látinú ohun ọ̀gbìn tàbí ìgbẹ́ ẹran tó ń jẹrà) ní Jámánì, orí pèpéle kọnkéré ni wọ́n ń kó àgbàdo tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó kó lè kan. Oje tó ń ṣẹ́ jáde lábẹ́ rẹ̀ kan gan-an, ó ń jẹ kọnkéré, bó bá sì dé odò, kì í jẹ́ kí ọ́síjìn ṣẹ́ kù fún ẹja. Bí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀ sórí pèpéle mítà onígun mẹ́rin 5,000, lítà 100,000 nìyẹn. Táǹkì wo ló fẹ́ gba gbogbo rẹ̀, pàápàá nígbà òtútù tí òfin ò jẹ́ kí wọ́n da ohun tó wà nínú táǹkì sóko? Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ yìí fi ń tà.

Kòtò kékeré kan ni, tó ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí omi ṣe ń gbé iná tó, àti fáàbù tó ń darí omi sí odò tàbí sí táǹkì. Iyọ̀ inú oje ń gbé iná dáadáa. Omi òjò tó mọ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e. Ọgbọ́n náà dára.

Àmọ́ ẹ wo sẹ́ńsọ̀ yẹn dáadáa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan: ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ á ti bò ó. Nígbà náà, nọ́ńbà rẹ̀ kì í lọ sókè, ńṣe ló ń lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ á wá máa pe omi dídọ̀tí ní omi mímọ́. Sẹ́ńsọ̀ tó gbẹ náà ń ka òdo, bẹ́ẹ̀ omi tó kọ́kọ́ ṣàn nígbà òjò ló dọ̀tí jù. Nítorí náà, ọ̀nà táǹkì ni kí fáàbù máa wà nígbà gbogbo, kí sípíríńgì sì dá a padà síbẹ̀ bí iná bá lọ.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi aṣọ rírọ̀ àti fíníkà nù ún, kí ẹ fi omi ṣan án, kí ẹ tì í bọ omi ìdánwò 1,413 µS/cm (µS/cm ni wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe ń gbé iná tó) ní 25 °C. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá fi ju ìdá 5 nínú 100 yàtọ̀, ẹ tún un tò. Ẹ̀rọ yìí ò mọ dísẹ́ẹ̀lì, nítorí epo kì í gbé iná. Omi ibi tí ọkọ̀ ti ń gba epo gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tiẹ̀.

Bèbè tó yí àwọn táǹkì ká, tó ń dá ohun tó bá jò dúró, tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Òfin AwSV ti ọdún 2017, ìyẹn òfin Jámánì lórí àwọn ohun tó lè ba omi jẹ́, fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀ di August 1, 2022 láti mọ bèbè náà. Ẹnu ọ̀nà omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní títì. Èèyàn ni kó yẹ omi náà wò kó tó ṣí i. Ẹ má ṣe fi iṣẹ́ yẹn lé ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ láé.

Ibi tí wọ́n bá ti ń gbá pèpéle lójoojúmọ́, ó tó owó rẹ̀ dáadáa. Níbi tí wọn kì í ti í gbá a, gbogbo omi ni yóò máa darí sí táǹkì, owó sì ti wọgbó. Èyí tí kò bá ní sípíríńgì, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.