Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ìmì ilẹ̀ lábẹ́ ilé àtijọ́: bí mo ṣe rí i

Ẹni tó bá ń tọ́jú ilé àtijọ́ kò lè gbára lé máàpù ewu ìmìtìtì ilẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ máàpù bẹ́ẹ̀ ló gbà pé orí àpáta ni gbogbo ilé dúró sí. Ohun tó wà lábẹ́ ògiri tó wà níwájú mi ni mo fẹ́ mọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ra ẹ̀rọ alágbèéká yìí, tó ń gba ìmì ilẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta: òkè sí ìsàlẹ̀, àríwá sí gúúsù, ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn.

Lílò rẹ̀ rọrùn. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi dúró déédéé, ẹ kọjú rẹ̀ sí àríwá, kí ẹ sì kúrò nítòsí fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Kò ní kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ rárá, èyí tó ṣe pàtàkì níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà kí ẹ dá ilẹ̀ lu. Ìgbì òkun, afẹ́fẹ́ àti ọkọ̀ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi. Ẹ̀rọ náà yóò fi ìmì òkè-sí-ìsàlẹ̀ pín ìmì ẹ̀gbẹ́, ibi tí gíráàfù bá sì ti yọ ṣóńṣó ni ilẹ̀ rírọ̀ ti máa ń mì jù. Nakamura, ará Japan, ló sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ ní 1989. Bí iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀ bá jìn tó mítà 30, tí ìgbì tó ń mi ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ sì ń sá mítà 240 nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣóńṣó á yọ ní 2 Hz, ìyẹn ìmì ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń gbé e gun òkè ilé náà. Bí iye ìgbà tí ilé àti ilẹ̀ ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan bá bára mu, ewu wà: ilẹ̀ á máa ti ilé náà gẹ́lẹ́ ní àkókò tó ń fì, ìfì náà á sì máa pọ̀ sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mexico City ní 1985 nìyẹn. Ẹrẹ̀ adágún àtijọ́ tó wà lábẹ́ ìlú náà ń mì lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, àwọn ilé alájà 6 sí 15 ló sì fara gbá a jù. Ní Róòmù, ìhà gúúsù Colosseum, gbọ̀ngàn ìwòran àtijọ́ náà, tó wà lórí ẹrẹ̀ odò, pàdánù ògiri ìta rẹ̀ nínú ìmìtìtì ilẹ̀. Ti àríwá, tó wà lórí ilẹ̀ líle, ṣì dúró.

Sọ́fítíwíà tó bá a wá ni mi ò fẹ́ràn. Nígbà kan, ẹ̀rọ afa-omi kan ń ṣiṣẹ́ nítòsí ògiri tí mo ń wọ̀n, sọ́fítíwíà náà sì kà á sí ìmì ilẹ̀. Ṣóńṣó náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì yọ ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ni mo bá ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ afa-omi náà. Ṣóńṣó pòórá. Ẹ máa fi ojú ara yín wo gíráàfù, ẹ má sì wọ̀n nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ gidi.

Ẹ̀rọ yìí kò sì lè sọ bí ìmìtìtì yóò ṣe lágbára tó. Mo máa ń lo OpenQuake, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń ṣírò ewu ìmìtìtì, fún ìyẹn. Ìmì tó ní àǹfààní 10% láti wáyé láàárín ọdún 50 ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́ ilé. Lójú tèmi, ó kéré jù fún ilé tó ti lo ọdún 1,000.

Bí owó ẹ̀rọ náà bá pọ̀ jù, ẹ yá a. Ẹ wọ̀n gbogbo igun ilé náà, torí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lè má rí bákan náà.