Google ni àbí Microsoft? Èwo ló yẹ ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè

Inú lápútọ́ọ̀pù akọ̀wé ni àkọsílẹ̀ owó ọdún mẹ́fà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa wà. Lóru ọjọ́ kan, òrùlé jò, omi kán sí i títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tú u palẹ̀, ó ní kò sóhun tí òun rí yọ. Ọdún kan gbáko la fi fa "mo ti san" àti "ẹ ò tíì san". Bàbá kan tí wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dáwó gbọ̀ngàn ìlú bínú kúrò, nítorí a ò rí orúkọ wọn níbì kankan mọ́. Ó dùn mí wọra.

Látìgbà náà ni mo ti ń bẹ gbogbo ẹgbẹ́ tí mo bá mọ̀: ẹ gbé ìwé yín lọ sórí cloud. Inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ńlá ni ìwé náà yóò wà, ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fún láyè á sì lè fi fóònù rẹ̀ ṣí i níbikíbi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà. Méjì tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún irú ẹgbẹ́ wa ni mo fẹ́ fi wéra: Google Workspace for Nonprofits àti Microsoft 365 Business Basic. Àkójọ íméèlì, ìwé kíkọ, ìwé ìṣirò àti ibi ìtọ́jú ìwé ni méjèèjì.

Kò sí èyí tó máa dá yín lóhùn bí ẹ ò bá ní ẹ̀rí pé ẹgbẹ́ yín fìdí múlẹ̀ lábẹ́ òfin. Ní Nàìjíríà, ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ni ẹ̀rí náà, irú èyí tí wọ́n ń fún Incorporated Trustees (ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè) lábẹ́ Apá F CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020. Ẹgbẹ́ tí kò bá tíì ní in, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Google kì í gba ilé-ìwé, ilé-ìwòsàn àti iléeṣẹ́ ìjọba sínú ètò yìí.

Ní ti ààyè, Google ń fún gbogbo ẹgbẹ́ ní 100 TB láti pín lò (TB kan jẹ́ nǹkan bíi GB 1,000). Microsoft ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 1 TB, àwọn tó lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ ju 300 lọ. Ẹ má jẹ́ kí iye yìí wọ̀ yín lójú. Àkọsílẹ̀ owó àti fọ́tò ayẹyẹ ọdún ìlú ò lè kún èyíkéyìí nínú wọn.

Iṣẹ́ ìpàdé gan-an ni kí ẹ fi wọ̀n wọ́n. Ní ìpàdé wa tó kọjá, ìyá tó jẹ́ akápò wa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, wọ́n ń fi fóònù tẹ owó sínú Google Sheets, ìwé ìṣirò Google, bí àwọn èèyàn ṣe ń san án. Ẹ̀ka wa ní London ṣí ìwé kan náà sílẹ̀, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń wọlé. Ọ̀kan nínú wọn pè: "Mà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé 50,000 ni wọ́n san níbẹ̀ yẹn àbí 5,000?" Màmá wo rísíìtì, wọ́n pa òdo kan rẹ́. Àtúnṣe náà ò sọnù: a lè rí ẹni tó ṣe é, ọjọ́ àti wákàtí tó ṣe é. Excel, ìwé ìṣirò Microsoft, tó wà lórí OneDrive, ibi ìtọ́jú ìwé wọn, náà ń tọ́jú irú rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí fóònù kékeré, Sheets ló rọ àwọn ìyá wa lọ́rùn.

Ẹgbẹ́ tí ìṣirò owó rẹ̀ ti wà lórí Excel tipẹ́, tí ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, Microsoft ni kó mú. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: Business Basic kò ní Excel tàbí Word tí ẹ lè gbé sínú kọ̀ǹpútà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, macro, àṣẹ tó ń mú Excel dá iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀, kì í sì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé Microsoft ń fún ẹgbẹ́ ní Business Premium, ẹ̀dà tó ga ju Basic lọ, fún èèyàn 10 lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń sọ. Láti oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n ti ń fòpin sí ìyẹn. Ẹ̀dínwó ló kù.

Ẹ óò tún gbọ́ orúkọ Salesforce, ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ àti olùdáwó. Èèyàn 10 ló ń fún láyè lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ẹgbẹ́ kékeré kò nílò rẹ̀.

"Ọ̀fẹ́" náà ní ìnáwó tirẹ̀. Ẹ óò ra dátà. Google ń béèrè orúkọ ìkànnì (domain, èyí tó ń tẹ̀lé @ nínú íméèlì) tí ẹ ó máa sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Microsoft lè fi orúkọ tó parí sí onmicrosoft.com bẹ̀rẹ̀ fún yín. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, Google Sheets ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ilé ni kí ẹ ti tan ètò yẹn sílẹ̀ kí ẹ tó lọ sípàdé.

Lójú tèmi, Google ni fún ẹgbẹ́ tí fóònù pọ̀ níbẹ̀ ju kọ̀ǹpútà lọ. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà lò fi íméèlì àti nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ ṣí i. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kó jẹ́, kí èèyàn méjì sì jẹ́ alábòójútó rẹ̀. Alága àti akápò ni tiwa. Nígbà tí akọ̀wé tuntun gorí oyè, ìdí oúnjẹ ìpàdé ni alága jókòó sí tí wọ́n ti fi fóònù wọn ṣílẹ̀kùn àkọsílẹ̀ wa fún un, wọ́n sì ti ti akọ̀wé àná síta kí wọ́n tó fọwọ́.