Workstation Xeon, dẹ́sítọ́ọ̀pù Core i5 àbí Ryzen: èwo ni RAM rẹ̀ kò ní tàn yín jẹ?

Ẹni tó ń wá kọ̀ǹpútà tí yóò máa gbé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, fáìlì aláìsàn tàbí èsì ìdánwò ilé-ìwé ní Ògbómọ̀ṣọ́, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú rẹ̀, ì báà jẹ́ Takie ló ti bẹ̀rẹ̀ tàbí Under G: workstation Xeon tòkunbọ̀ bíi HP Z440, dẹ́sítọ́ọ̀pù Core i5 bíi i5-6500, àti Ryzen tí wọ́n tò lábẹ́lé. Iye GB, SSD, ìyára, gbogbo rẹ̀ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí bébà yẹn sábà máa ń purọ́ lé lórí ni ECC, agbára tí RAM fi ń rí àṣìṣe inú ara rẹ̀ tó sì ń tún un ṣe.

RAM lásán ń gbé bit 64 (bit kan jẹ́ 0 tàbí 1) lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ECC ń gbé 72; mẹ́jọ tó lé yẹn ló ń ṣọ́ àwọn yòókù. Bí bit kan bá ṣàdédé yí, á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ méjì, kò lè tún un ṣe, àmọ́ á figbe ta. Ẹ wò ó lórí owó: ẹnì kan dá ₦50,000, bit kan ṣoṣo tó dúró fún 16,384 sì yí nínú RAM lásán kí ẹ tó fi pamọ́. ₦33,616 ni yóò wọ fáìlì. Kọ̀ǹpútà kò ní dákú, iná pupa kankan kò ní tàn. Ọjọ́ tí olówó bá mú káàdì rẹ̀ wá ni ẹ óò mọ̀.

Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ ka àwọn ẹyọ dúdú tó tò sí ojú kan RAM: mẹ́jọ sábà máa ń jẹ́ RAM lásán, mẹ́sàn-án jẹ́ ECC. Ṣùgbọ́n pé ECC wà lára RAM kò sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. CPU, bọ́ọ̀dù àti BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá tàn án) gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ibẹ̀ gan-an sì ni owó ti ń ṣòfò.

Nítorí náà, ẹ mú fláàṣì tí Ubuntu (oríṣi Linux kan) wà nínú rẹ̀ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi tan ẹ̀rọ, ẹ mú "Try Ubuntu", ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ:

sudo dmesg | grep -i -e edac -e ecc

Ìlà kan á jáde láti ọ̀dọ̀ EDAC, apá Linux tó ń ṣọ́ àṣìṣe RAM: EDAC MC: Ver: 3.0.0. Ẹni tó ń tajà á nawọ́ sí i pé, "Ṣé ẹ ti rí ECC náà?" Ẹ má gbà. Ìlà yẹn ń jáde lórí laptop tí kò ní ECC rárá. Ọlọ́dẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ aṣọ iṣẹ́ ni. Kò tíì sọ pé òun rí ilé tí òun máa ṣọ́. MC (alákòóso RAM) tó ní nọ́ńbà lára, bíi MC0, ni kí ẹ wá. Lórí Z440, ẹ óò rí "EDAC MC0: Giving out device to module sb_edac". Bí wọ́n bá ti pa ECC nínú BIOS, ìlà tó parí sí "has DIMMs, but ECC is disabled" ni yóò jáde. Lórí Ryzen, amd64_edac ni ẹ óò rí níbi tí sb_edac wà; Linux àtijọ́ tún máa ń kọ "EDAC amd64: Node 0: DRAM ECC enabled", tàbí "disabled". Lórí i5-6500, lẹ́yìn ìlà Ver, kẹ́kẹ́ pa. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ìdáhùn yín.

Ẹlòmíràn á fi "sudo dmidecode -t memory" hàn yín, tó kọ "Total Width: 72 bits". Ohun tí BIOS sọ nípa RAM ni ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí pé ECC ń ṣiṣẹ́. Bákan náà, "Memory Encryption Features active" tàbí "x86/tme: enabled by BIOS" kò kan ECC, àdììtú tí wọ́n fi ń bo ohun tó wà nínú RAM ni.

Bí MC0 bá ti jáde, ẹ ka àṣìṣe tí ECC ti tún ṣe:

cat /sys/devices/system/edac/mc/mc0/ce_count

0 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ni kíkà yìí ń padà sí 0, nítorí náà ẹ fún un níṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó kà á. Bó bá ń gòkè, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ RAM, ẹ fi rọ́bà ìparẹ́ nu eyín wúrà rẹ̀ (eruku ọyẹ́ kì í ṣeré), kí ẹ gbé e sí ihò mìíràn. Àṣìṣe tó bá tẹ̀ lé RAM, RAM ló bàjẹ́; èyí tó bá dúró ti ihò, bọ́ọ̀dù ni. Bí ue_count (kíkà àṣìṣe tí ECC kò lè tún ṣe, inú mc0 kan náà ló wà) bá fi lè kúrò ní 0, ẹ máa lọ.

Ryzen ní ìdẹkùn tirẹ̀: 5600X ń gba ECC bí bọ́ọ̀dù bá gbà, 5600G tí kò ní PRO lórúkọ kò gbà á. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta DDR5 lásán fún yín bí ECC. Èyí tó wà nínú rẹ̀ ń tún àṣìṣe ṣe nínú ẹyọ dúdú nìkan, kò dáàbò bo ọ̀nà tó lọ sí CPU. Z440 ní tirẹ̀, RAM registered (èyí tó ní ẹyọ kan láàárín tó ń gba àṣẹ CPU ṣáájú) nìkan ló ń jẹ. Ẹ má rà á fún Ryzen tàbí i5, kò ní tàn.

Iná ńkọ́? CPU i5-6500 jẹ́ 65W, E5-1620 v3 inú Z440 jẹ́ 140W. Ẹni tó ń lo gẹ̀n kékeré á mọ̀ ọ́n lára.

Ẹni tó ń tẹ project fún ọmọ LAUTECH, i5 tó o. Ryzen dára fún ẹni tó lè yẹ bọ́ọ̀dù wò kó tó sanwó. Àmọ́ níbi tí owó ẹlòmíràn bá wà nínú fáìlì, Z440 tí MC0 rẹ̀ ti jáde, tí RAM mẹ́rin wà nínú rẹ̀ kí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà láàárín RAM àti CPU lè ṣiṣẹ́, ni kí ẹ gbé. Bí ẹni tó ń tà á bá sì kọ̀ kí ẹ fi fláàṣì tan án, ẹ jẹ́ kó máa bá a gbé nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.