MTN 94: agolo ọ̀dà tó yẹ ọwọ́ oníṣẹ́ gíráfítì

Láyé ìgbà tí New York Times kọ̀ròyìn nípa TAKI 183, ọ̀dọ́ Manhattan tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ káàkiri ìlú, lọ́dún 1971, kò sí ẹni tó ń ṣe ọ̀dà fún gíráfítì, ìyẹn kíkọ orúkọ àti yíya lẹ́tà sára ògiri àti ọkọ̀ ojú irin. Krylon àti Rust-Oleum làwọn ọmọ Manhattan àti Bronx ń lò, ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún irin àti àga. Ìlà rẹ̀ tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ ara ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń kọ ọ́ sí gùn. Oníṣẹ́ gíráfítì kan, Super Kool 223, ló yọ káàpù fífẹ̀ (orí tí à ń tẹ̀ kí nǹkan tú jáde) lórí agolo ohun ìfọ-nǹkan ilé, tó fi sórí agolo ọ̀dà. Phase 2, oníṣẹ́ gíráfítì mìíràn, tó ya lẹ́tà tó wú bí ìrọ̀rí ní 1972, òun náà ló wá ń ya ìwé ìpolówó àríyá hip-hop. DJ Kool Herc pàápàá, tó ṣe àríyá 11 August 1973 ní 1520 Sedgwick Avenue, ti ń kọ orúkọ sára ògiri kó tó di ẹni tó ń lu àwo orin. Ọmọ Bronx ni Super Kool 223, Phase 2 àti Herc.

Ọdún 1994 ni wọ́n dá Montana Colors, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe MTN 94, sílẹ̀ ní Barcelona, inú ọdún yẹn sì ni "94" ti wá. Agolo 400 ml ni, kì í dán, ipá afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì kéré. Ipá kékeré yìí gan-an la ń sanwó fún. Ọ̀dà kì í tú gùù, ọwọ́ ráyè yí lẹ́tà, kì í sì í yára ṣàn wálẹ̀. Fún ìlà tó mú ṣáṣá, fi káàpù tín-ín-rín sí i, sún mọ́ ògiri dáadáa, kí o sì yára gbé ọwọ́; bí ọwọ́ bá dúró, ọ̀dà á ṣàn. Fún òjìji, sún sẹ́yìn, kí o dẹ agolo sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ògiri bá tóbi, yóò fi àkókò àti owó ṣòfò. MTN Hardcore, agolo mìíràn láti ilé-iṣẹ́ kan náà, tí ipá rẹ̀ ga, ló dára láti fi kún inú lẹ́tà. Ìyẹ́lò àti pupa kì í bo dúdú dáadáa. Fín funfun sábẹ́ rẹ̀ ná. Píǹkì àti àwọ̀ tó ń tàn yòò máa ń ṣá kíákíá nínú oòrùn. Ògiri símẹ́ńtì tuntun á fa ọ̀dà mu títí agolo á fi tán, nítorí náà gbá eruku rẹ̀ kúrò, fi róólà kun emulsion, jẹ́ kó gbẹ.

Ohun tó ń ba agolo jẹ́ jù ni àìmì ín tó. Lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù irin inú rẹ̀ bá ti ń dún, ṣì mì ín fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dà tó ti rọ̀ sísàlẹ̀ á dí ẹnu rẹ̀, gáàsì nìkan lá máa jáde. Bí iṣẹ́ bá parí, da orí rẹ̀ kọdò, tẹ̀ ẹ́ títí ohun tó ń jáde á fi mọ́, kí o yọ káàpù. Má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà lóòrùn; 50°C ni ààlà rẹ̀, ó lè bú.

Ìbòmú aláṣọ kò lè dá èéfín ọ̀dà yìí dúró rárá. Èyí tó ní asẹ́ èédú, tí wọ́n kọ A2P2 sí lára (irú asẹ́ tó ń dá èéfín àti eruku ọ̀dà dúró), ni kí o rà pọ̀ mọ́ agolo àkọ́kọ́.