Rebound 25 tó owó rẹ̀. Smooth-Cast 300 yára jù fún odindi àṣíborí

Ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àṣíborí ọ̀dájú inú eré sáyẹ́ǹsì, èyí tó bo orí dé ọrùn, sábà máa ń ra nǹkan méjì yìí pọ̀: rọ́bà sílíkóònù Rebound 25 fún móòdù, ìyẹn ohun tó ń gba ìrísí àṣíborí sínú, àti Smooth-Cast 300, résìnì (ike olómi tó máa ń le), fún àṣíborí gan-an. Rọ́bà náà tó owó rẹ̀. Résìnì náà dára, àmọ́ kì í ṣe fún iṣẹ́ yìí.

Rebound 25 ki, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń kùn ún lé ère àṣíborí tí ẹ ti fi amọ̀ mọ lórí. Apá méjì tí ẹ máa pò pọ̀ ni, A àti B, wọ́n sì dọ́gba, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n o, ẹ fi ife wọ̀n ọ́n o. Lẹ́yìn tí ẹ bá pò ó, 20 ìṣẹ́jú lẹ ní. Wákàtí 6 ló fi ń le tán. Ẹ kùn ún ní ìpele mẹ́rin. Kí ti àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́, kí ẹ sì máa fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ wọ gbogbo kọ̀rọ̀, torí ibi tí afẹ́fẹ́ bá há sí, kókó ló máa yọ níbẹ̀ lára àṣíborí. Tí ìpele kan bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka ṣùgbọ́n tí kò kun ìka mọ́, ẹ kùn èyí tó kàn.

Ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan rọ́bà yìí jù ni pé ojú rẹ̀ kì í le níbi tó ti kan amọ̀. Ẹ̀bi amọ̀ ni. Platinum ló ń mú un le, imí-ọjọ́ inú ọ̀pọ̀ amọ̀ olóròóró kì í sì í jẹ́ kí platinum ṣiṣẹ́. Ìbọ̀wọ́ látẹ́ẹ̀sì náà ń bà á jẹ́. Vinyl ni kí ẹ wọ̀. Amọ̀ tí wọ́n ń pè ní Monster Clay kò ní imí-ọjọ́.

Rọ́bà náà kò lè dá dúró. Ẹ fi báńdéèjì POP, irú èyí tí wọ́n fi ń de egungun tó ṣẹ́, ṣe ìkarahun abala méjì lé e lórí. Ẹ pa fásilíìnì sí etí abala kìíní kí ẹ tó ṣe èkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ayùn lẹ máa fi là á.

Smooth-Cast 300 wá ńkọ́? Tó bá jẹ́ ife, ìdá kan sí ìdá kan ni. Tó bá jẹ́ òṣùwọ̀n, 100 gíráàmù A sí 90 gíráàmù B ni. Ẹni tí rọ́bà ti mọ́ lára á wọ̀n ọ́n dọ́gba, B á pọ̀ jù, àṣíborí á sì máa rọ̀. 190 gíráàmù yẹn kò ju bíi mìlímítà kan lọ káàkiri odindi orí, ẹ sì nílò mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìṣẹ́jú 3 péré lẹ ní láti pò ó, dà á, kí ẹ sì máa yí móòdù kó lè bo inú rẹ̀ yíká. Ó ń ṣàn bí omi, ó mọ́ gaara, àfi lójijì tí funfun á tàn kálẹ̀ nínú rẹ̀ bíi pé wọ́n kán wàrà sí i. Kò ní ṣí kúrò lójú kan mọ́. Àtàrí á nípọn bí pákó, imú á fẹ́lẹ́ bí ìwé.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀ kejì: ike A tí wọn kò dé dáadáa, tàbí igi tútù tí wọ́n fi rò ó, á mú kó hó bí ọṣẹ. Ẹ má sì pò ó láìlo ìbomú oníásẹ́.

Ìwo, kókó bọ́tìnì àti ojú ihò afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi 300 ṣe, níbi tí ẹ ti máa dà á kún móòdù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fún orí, Smooth-Cast 65D ni kí ẹ rà. Yíyí nínú móòdù ni wọ́n dìídì ṣe é fún.